Òógùn Inú Aago Ọdẹ́wálé

Nínú ọyẹ́ ọdún 1994, nígbà tí ètè gbogbo wa là, tí pákó ilẹ̀kùn sì ń dún nítorí pé ó ti gbẹ jù, aago ọkọ mi ń làágùn.

Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí tábìlì yàrá wa ní Ìrémọ. Aṣọ tí mo tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ gbẹ. Tábìlì gbẹ. Ẹ̀yìn aago náà, tó jẹ́ irin, gbẹ, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n kùrukùru funfun bo gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò nu dígí náà. Kò nù, nítorí inú ló wà. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kùrukùru náà fà kúrò ní etí dígí títí ó fi kéré bí ẹyọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé, ó sì tún gbòòrò padà. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìsí ariwo.

Aago àtijọ́ ni. Bàbá ọkọ mi ló rà á nígbà tí kòkó ń mú owó wọlé, Ọdẹ́wálé ọkọ mi sì jogún rẹ̀. Àràárọ̀ ló máa ń yí orí rẹ̀ kó tó lọ sóko. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, nígbà tí òjò ọdún tó ṣáájú ń parí lọ. Awóyẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń dáko lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, ló gbé òkú rẹ̀ wálé. Òun náà ló bọ́ aago lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Ohun tí Awóyẹmí sọ fún ẹbí kò gùn. Ó ní Ọdẹ́wálé jẹ oúnjẹ tí mo dì fún un, ó di inú mú, ó sì ṣubú. Ó parí. Gbólóhùn kan péré, mo di obìnrin tó pa ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀wà àti gààrí ni oúnjẹ náà. Èmi àti àwọn ọmọ mi jẹ nínú ìkòkò kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo wí, mo tún un wí. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní òkú ọ̀fọ̀ ni, òkú ọ̀fọ̀ kì í sùn nílẹ̀. Awóyẹmí ní òun ti wẹ̀ ẹ́ lóko, òun sì ti wé e sínú aṣọ àti ẹní, pé ó ti ń wú, kí ẹnikẹ́ni má tú u. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Inú yàrá ni wọ́n tì mí mọ́. N kò rí ojú rẹ̀. 

Ìyá Yéjídé, àbúrò bàbá ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ nínú agbo ilé náà, wá bá mi nígbà tí wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sórí ibojì.

"Ìyàwó," ó ní, "kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, wàá bọ́ bàtà, wàá gun orí ibojì, wàá búra pé ọwọ́ ẹ mọ́. Bí o ò bá lè búra, gbé ẹrù ẹ. Àwọn ọmọ ò ní bá ẹ lọ."

Ìbúra kò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ibà bá mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, wọn á ní ìbúra ló mú mi. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, wọn á ní ẹ ò rí i bí? Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ni wọ́n ní kó wá búra.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe kúrò nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mo gbé aago náà lọ sí Òkèrèwè, sọ́dọ̀ Bàbá Mùhámmẹ́d, tó ń tún aago ṣe lábẹ́ igi kan níwájú ilé rẹ̀. Ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Tíṣà, ṣé ẹ fi lúwẹ̀ẹ́ ni?"

"Rárá, bàbá. Kò kúrò lórí tábìlì."

"Àbí ẹ sè é mọ́ ilá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki awò kékeré sójú. "Rọ́bà tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká ti gbó. Aago àtijọ́ dà bí èmi. Bí nǹkan bá ti dẹ̀ lára arúgbó, omi á máa wá ọ̀nà tirẹ̀."

Ó tú u kalẹ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ó sá a sínú oòrùn. Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fi gírísì díẹ̀ pa á yíká, ó sì dé e pinpin. "Bí ẹ bá tún rí omi níbẹ̀, ẹ pè mí ní onírọ́."

Kò pẹ́ rárá tí mo fi padà.

"Bàbá, ẹ ti di onírọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ nu ojú. Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ẹ̀rín rẹ̀ sì dá. Omi dà jáde sórí aṣọ tó tẹ́ sórí ẹsẹ̀. Ó sáré fi ìdérí ìgò gbè é. Ìdérí náà kún. Ó dà á nù, ó tún gbè é, ó tún kún. Aago tí kò tó ẹyọ bísíkíìtì! Lẹ́yìn omi ni yanrìn pupa jáde, àti ewé kékeré kan tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tó yọ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta nínú odò. Bàbá Mùhámmẹ́d gbé ìdérí náà sí imú.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Tíṣà, kí ló pa ọkọ yín?"

"Wọ́n ní oúnjẹ mi ni."

"Ta ló rí i?"

"Ẹnì kan ṣoṣo."

Ó dé aago náà, ó fi aṣọ wé e, ó sì fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ẹ máa gbé e lọ. Kì í ṣe rọ́bà ló ń ṣe é. Astagfirullah."

Mo rìn padà sí Ìrémọ, inú ń bí mi débi pé n kò dá ẹni tó kí mi lóhùn. Omi ni ọkọ mi kú sí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí omi bá pa, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí, àwọn àgbà á sì ṣe ohun tó yẹ kó má bàa máa pe ẹlòmíràn. Wọn kì í gbé e wálé. Wọ́n á sì bi ẹni tí wọ́n jọ lọ léèrè bó ṣe jẹ́. Awóyẹmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yan ìkòkò ẹ̀wà mi dípò ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ ìbúra pé, ọ̀sán gangan ni wọ́n pè mí sídìí ibojì. Àwọn àgbà ilé jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Awóyẹmí náà wà níbẹ̀, ó wọ agbádá, ó kó ọwọ́ lé orúnkún bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè wá sí kóòtù. Mo bọ́ bàtà mi.

"Mo máa búra," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ikú náà ni kó kọ́kọ́ búra pé bó ṣe sọ ọ́ ló ṣe rí."

"Ẹnu ẹ gùn o, ìyàwó!" Ìyá Yéjídé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àtàndá, tó dàgbà jù nínú wọn, mi orí. "Kò pa irọ́. Awóyẹmí, dìde."

Mo gbé aago náà sórí sìmẹ́ńtì. "Brọ̀dá, ẹ gbé ọwọ́ lé e, kí ẹ búra."

"Kí ni tèmi ti aago?"

"Ẹ̀yin náà lẹ bọ́ ọ. Àbí ó ń jó yín lọ́wọ́ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ló mú kí Awóyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì gbé ọwọ́ lé e.

Dígí náà funfun lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ aago, nínú oòrùn gbígbóná yẹn, ó ń ṣàn gba orí sìmẹ́ńtì, ó ń wọ inú eruku. Òórùn ẹrẹ̀ odò gba gbogbo àgbàlá. Ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Awóyẹmí fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n omi náà kò dá, ó ń wá bá a níbi ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní odò ẹ̀yìn oko kún lọ́jọ́ náà. Ọdẹ́wálé ní kí wọ́n yípo, òun Awóyẹmí ló ní kí wọ́n là á kọjá. Omi gbé Ọdẹ́wálé lọ. Nígbà tí òun fi fà á jáde, kò mira mọ́. Òun dá iná, òun sá aṣọ rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi gbẹ. "Mo rò pé ẹ ó ní kí n sin ín síbẹ̀, nínú igbó. Mo fẹ́ kó sùn sílé bàbá rẹ̀."

"Oúnjẹ mi ńkọ́?" mo bi í. "Kí ló gbé oúnjẹ mi débẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó kàn bọ́ sí mi lẹ́nu ni."

Ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu!

Àwọn àgbà kò ráyè ìbínú mi. Òkú omi wà nínú ilé, àfi kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọ́ sìmẹ́ńtì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó láyà láti tì mí mọ́ yàrá.

Abẹ́ ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn tó sin Ọdẹ́wálé tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹní. Ohun tí a bá, ó dojú bolẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ká mọ́ra. Ẹní náà ti ya láti inú wá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà níta, ó na síwájú, erùpẹ̀ pupa kún àárín egungun ìka rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ jẹ́ kí ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àtàndá bọ́ fìlà. Awóyẹmí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

"Mo rí i," ó ní.

"Kí lẹ rí?"

"Nígbà tí mo tú etí ẹní láti bọ́ aago náà, ọwọ́ rẹ̀ wà nítòsí imú rẹ̀. Kùrukùru bo dígí. Mo nù ún. Ó tún bò ó, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí dígí. Mo ní omi odò ni. Àwọn èèyàn ti ń sunkún, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, mo sì ti sọ fún gbogbo yín pé ó ti kú…"

Wọ́n gbé ọkọ mi lọ sétí odò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Yéjídé kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ní kí n máa gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Àtàndá ní kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀rọ̀ náà jáde, nítorí orúkọ ilé. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bẹ odò, wọ́n bẹ orúkọ ilé. Kò sẹ́ni tó bẹ Ọdẹ́wálé.

Aago náà ti gbẹ. Kùrukùru kò wọ inú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàwó Awóyẹmí wá bá mi láti Ẹdúnàbọ̀n, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní dígí tí wọ́n fi ń wojú nínú yàrá àwọn ń funfun láràárọ̀, pé ó ń fà, ó ń gbòòrò, àti pé bí ọkọ òun bá ti sún mọ́ ọn, á máa yára sí i. Ó ní àwọn ti gbé e síta, fèrèsé ló kàn. Ó ní òun ń nù ún, òun ń nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Mo ní kó má nù ún mọ́. Mo ní ọkọ rẹ̀ ti nù ún lẹ́ẹ̀kan.