Ìyàwó Tó Bá Àwọn Àna Rẹ̀ Dé

"Ta ló fẹ́ ka Mẹ́dísìn níbí?"

Bí Israfil ṣe béèrè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ìmúrasílẹ̀ JAMB tó ń kọ́ ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ kún òkè bí ìgbà tí wọ́n ń pín súyà ọ̀fẹ́.

"Ó dáa. Ẹni tó bá gba D7 ní WAEC, kó sọ tirẹ̀ kalẹ̀."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin adúmáadán kan tó wọ ìjáàbù aláwọ̀ ewé kò mira.

"Ìwọ ò ní D7 kankan?"

"Mo ní in, sà. Físíìsì ni."

"Ọwọ́ rẹ wá ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ D7, sà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Israfil náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ lù kì. Ìfẹ́ ti wọlé, kò sì kan ilẹ̀kùn.

Ràódàt ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, ọ̀dọ̀ Àǹtí Marufat, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí kíláàsì yìí. Nígbà tí wọ́n jáde, Israfil pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò fẹ́ tàn ọ́. Yunifásítì tí o mú kì í gba èsì méjì pọ̀ fún Mẹ́dísìn. Ìjókòó kan ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí Físíìsì kan ṣoṣo, wàá tún gbogbo ẹ̀ kọ. Kódà Yorùbá tí o ti gba A."

Omi lé ròrò sójú Ràódàt. Ó fi etí ìjáàbù nù ún.

"Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá?"

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Israfil wà lọ́dún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Tó bá ti bọ́ ní kíláàsì tirẹ̀, á wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Marufat, á fi okùn so agolo mílíìkì kọ́ ẹnu ọ̀nà, á ní kí Ràódàt fì í, kó máa ka bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

"Ràódàt," Àǹtí Marufat á pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù, "ṣé Físíìsì náà ló ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí?"

Lọ́jọ́ kan, Israfil bi í pé, "Nígbà wo lo máa fi 'Bọ̀ọ̀dá' yìí sílẹ̀ gan-an?"

"Ọjọ́ tí mo bá gba B ní Físíìsì."

Nígbà tí èsì WAEC tuntun jáde, Ràódàt sáré wá bá a ní Under G, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò mẹ́nu ba èsì rárá. Ó kàn wò ó lójú.

"Israfil."

Inú Israfil dùn débi pé ó gbàgbé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jábọ́. "Tún un pè, olólùfẹ́ mi."

"Israfil. Israfil mi."

Máàkì JAMB rẹ̀ náà ga. Ìdánwò àbáwọlé ti yunifásítì nìkan ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Bàbá Mùnírù, bàbá Ràódàt, fẹ́ràn Israfil. Ẹbí méjèèjì ti dá Sátidé kan fún ìtọrọ ìyàwó. Àfi bí yunifásítì ṣe kéde ọjọ́ ìdánwò, Sátidé yẹn kan náà ni!

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Ràódàt bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, "ẹ jẹ́ ká sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ká sún kí ni? Ẹbí ti gbọ́, àfáà ti gbọ́. Ṣe ìdánwò lọ́dún tó ń bọ̀."

"Máàkì JAMB kì í kọjá ọdún kan, Bàbá. Àtùnbẹ̀rẹ̀ ló máa dà."

"Ṣé ẹni tó fẹ́ fi ọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́ dókítà máa rántí ilé ọkọ? Gbọ́ mi dáadáa. Bí àwọn àna bá dé tí mi ò rí ọ nílé, màá dá ẹrù wọn padà!"

Ó pa fóònù.

Ràódàt sunkún dé ilé Israfil. "Tí mo bá lọ sílé, mo pàdánù Mẹ́dísìn. Tí mo bá ṣèdánwò, mo pàdánù rẹ."

Israfil di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣe ìdánwò rẹ, àyànfẹ́ mi. Tí wọ́n bá dá ẹrù padà, màá tún un gbé lọ. Màá máa gbé e lọ títí á fi sú wọn."

Ìyá Israfil, Alhaja Hajarat tó ń ta sìmẹ́ńtì, ti ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà. "Ràódàt, kí ni bàbá rẹ wí gan-an?"

"Wọ́n ní bí ẹ bá dé tí àwọn ò rí mi nílé, Màmá."

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn bí a bá dé ṣáájú rẹ nìyẹn. A ò kúkú ní dé ṣáájú rẹ!"

Nígbà tó di Sátidé, bọ́ọ̀sì kan dúró sí ẹnu géètì ibi ìdánwò. Iṣu, oyin, obì, ewúrẹ́ àti àwọn àgbààgbà inú ẹbí ló kún inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọjá dúró wò wọ́n.

"Màmá, ṣé yunifásítì lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

"Dókítà la wá gbé!" Alhaja dá a lóhùn.

Bí Ràódàt ṣe jáde, wọ́n fà á wọ bọ́ọ̀sì. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni Àǹtí Marufat, tó bá wọn wá, ti wé gèlè fún un, tí ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn wọn.

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Bàbá Mùnírù fajú ro lórí àga. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò àwọn àna ni ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé figbe ta.

"Yéè! Ìyàwó bá àwọn àna dé!"

"Alhaja," ni Bàbá Mùnírù wí, "kí lẹ wá tọrọ, nígbà tó ti wà nínú mọ́tò yín?"

Alhaja kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sí wa, Bàbá. A dá a padà ni, ká lè tọrọ rẹ̀ dáadáa."

Gbogbo àgbà bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Ojú Israfil tó dọ̀bálẹ̀ ló ń wò.

"O mọ̀ pé mo lè lé yín?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì ní kó lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí mo bá gba Mẹ́dísìn lọ́wọ́ Ràódàt, ẹlòmíì ni mo fẹ́ yẹn, kì í ṣe Ràódàt."

Bàbá Mùnírù yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ràódàt, ṣé ká gba ẹrù wọn?"

"Ẹ gbà á, Bàbá mi."

"Ìdánwò náà ńkọ́?"

"Ó dùn bí oyin, Bàbá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá. "Ẹ gbé ewúrẹ́ wọlé!"

Ọjọ́ tí orúkọ Ràódàt jáde fún Mẹ́dísìn, Bàbá Mùnírù kò lè jókòó. Ojúlé dé ojúlé ló ń kéde pé, "Ẹni tí orí bá ń fọ́, kó ṣe sùúrù ọdún mẹ́fà sí i!"

Kó tó wọlé ẹ̀kọ́ ni wọ́n so yìgì. Àfáà béèrè ohun tí Ràódàt fẹ́ gbà ní sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó.

"Sítẹtosíkóòpù, Àfáà. Irinṣẹ́ tí dókítà fi ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù."

Israfil fà á yọ nínú agbádá. Ràódàt fi í sétí, ó gbé orí irinṣẹ́ náà lé àyà ọkọ rẹ̀.

"Dókítà, ṣé kò sí wàhálà?" Alhaja béèrè.

Ràódàt rẹ́rìn-ín, omi ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀. "Àlàáfíà ni, Màmá. Orúkọ mi ló ń pè."