Ọjọ́ Tó Wà Lókè Ọ̀rọ̀ Iyọ̀

Àkọlé nìkan ni ọkùnrin náà kò fi gègé pupa fà láàárín. Ó dúró níwájú tábìlì obìnrin tó jẹ́ olóòtú, ó ga, ó tínrín, ó ká apá ẹ̀wù kan sókè, ó gbàgbé èkejì. Ìwé tó tẹ́ síwájú obìnrin náà pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

"Ẹ káàsán mà. Èmi ni apòògùn tí ẹ ní kó máa bá yín yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ẹ má bínú, àkọlé nìkan ló yè nínú èyí."

Olóòtú wo ìwé, ó wo ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ nípa omi ewé kan ni, tí òǹkọ̀wé ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó bi í ní ohun tó máa ń bi gbogbo ènìyàn: "Ẹ̀rí dà?"

Apòògùn bú sẹ́rìn-ín. "Ohun tí èmi náà ń bi òǹkọ̀wé nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Ẹ̀rí-Dà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe olóòtú náà, kì í sì í bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ìlera àti oúnjẹ ni wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ṣòfin rẹ̀: ohun tí a bá sọ, ká sọ ibi tí a ti rí i, kí ẹni tó mọ̀ nípa ìṣègùn kà á kó tó jáde, ọjọ́ tó wà lókè ọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yí i padà láìtún un yẹ̀ wò. "Ìbúra ni ọjọ́ yẹn," ló máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Aláìsàn tí kò mọ̀ wá rí ló ń gbà á gbọ́."

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni apòògùn ń wá. Níbi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ "ó ń wò ó sàn", òun á pa á rẹ́, á kọ "ó lè ràn án lọ́wọ́". Ẹ̀rí-Dà á ní ìyẹn náà ti pọ̀ jù, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn títí tíì á fi tutù. Kó tó di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí apòògùn sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún bi í pé ẹ̀rí dà, apòògùn sì ní kó fún òun ní ogójì ọdún kí òun fi kó o jọ. Ẹ̀rí-Dà ní òun gbà.

Ọ̀gá wọn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní àwọn òǹkàwé ń sá fún ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, kí wọ́n tún ogójì ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹ̀ wò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Apòògùn ka mọ́kàndínlógójì. Èyí tó kù dá lórí iyọ̀ kan tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi ń rọ́pò iyọ̀ lásán. Ní ọ̀sán Ẹtì yẹn, apòògùn ti ń dúró nísàlẹ̀ láti mú Ẹ̀rí-Dà lọ rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀rí-Dà wo aago, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á fún apòògùn kà á lọ́jọ́ Ajé. Ó yí ọjọ́ padà. Bí ọjọ́ bá sì ti yí, ẹ̀rọ wọn fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Apòògùn wa ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ọjọ́ Ajé dé, ó lọ. Ayọ̀ ti gba gbogbo orí rẹ̀.

Ìyá apòògùn, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kíndìnrín màmá kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà sì ti yọ iyọ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ó ní páálí ni òun ń jẹ láàárọ̀, òun ń jẹ páálí mìíràn lálẹ́.

"Ìyàwó mi," ó ní, "gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ni mò ń kà. Bí mo bá ti rí i pé ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti tán."

Lóṣù kejì, màmá ka ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò purọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí kò sọ ni pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù ló kún inú iyọ̀ ọ̀hún, kíndìnrín tó ń ṣàìsàn kò lè yọ ọ́ dànù, bó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Màmá kò bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Kí ló fẹ́ bi í, nígbà tó ti rí i nísàlẹ̀ pé ó ti kà á? Ó ra iyọ̀ náà, ó sì jẹun pẹ̀lú adùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkàn rẹ̀ dúró ní ilé ìwòsàn.

Inú fóònù màmá ni apòògùn ti bá ọ̀rọ̀ náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó gbà pé òun ti kà á nínú ogójì yẹn, pé ojú òun ló fò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sùn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn rẹ̀, ó máa ń ka oògùn kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, á tún gbé e padà sórí pẹpẹ, kò ní lè fún aláìsàn. Ojú rẹ̀ wọnú. "Èmi ni mo pa ìyá mi," ló ń sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà á di Ẹ̀rí-Dà lọ́wọ́ mú, á ní kò sí ẹlòmíràn tó kù fún òun mọ́, kí wọ́n lọ sí kóòtù lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n so yìgì.

Nígbà tí Ẹ̀rí-Dà sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní kí wọ́n rọra fi ìlà ìkìlọ̀ kún ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà, kí wọ́n dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀rí-Dà mọ̀ pé òtítọ́ yìí lè má bá a láéláé. Bó bá dákẹ́, ó ní ọkọ. Ṣùgbọ́n ọkọ ọ̀hún ń kú lọ lójú rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e mì, kò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ní yàrá apòògùn, ó sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: "O ò ka ọ̀rọ̀ yẹn rí. Èmi ni mo yí ọjọ́ rẹ̀ padà."

Apòògùn mi orí. Ó rò pé Ẹ̀rí-Dà ń purọ́ láti tu òun nínú ni. "Ẹ̀rí dà?" ó ní.

Ẹ̀rí-Dà ti tẹ̀ ẹ́ jáde látinú ẹ̀rọ: ọjọ́, wákàtí, orúkọ ẹni tó yí i. Apòògùn kà á, ó tún un kà. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀rí-Dà kọ ọ́ sókè ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i: ohun tó kù díẹ̀ káàtó, iye oṣù tó fi wà bẹ́ẹ̀, pé apòògùn kò kà á, pé olóòtú ló yí ọjọ́ padà. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó lọ sílé, ó sunkún títí omi ojú fi gbẹ, ó sì ń jí lójoojúmọ́ sínú ìbànújẹ́ kan náà.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí apòògùn tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti rù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé.

"O lè ti dákẹ́," ó ní. "Ǹ bá má mọ̀ láyé. Kí ló dé tí o sọ ọ́?"

"O ò sùn mọ́."

Apòògùn fi ọwọ́ ti òpó ilẹ̀kùn. "Mi ò tíì lè dárí jì ọ́."

"Mo mọ̀."

"Mo gbìyànjú láti kórìíra rẹ, ìyẹn náà ò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti ń sùn." Ó yíjú sójú ọ̀nà. "Mò ń lọ sí ibojì màmá. Mi ò fẹ́ dá lọ lónìí, mi ò sì fẹ́ máa dá lọ mọ́."

Ẹ̀rí-Dà di ilẹ̀kùn mú. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá?"

"Ohun tí o sọ fún mi náà ni," apòògùn dáhùn. "Màá dúró tì ọ́ títí wàá fi sọ ọ́ tán."

Ó wọlé lọ mú gèlè, ó tilẹ̀kùn, wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀ lọ.