Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Ń Lọ Sọ́dọ̀ Láwàlì

Àga onírin mi tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Láwàlì, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní Mowe, lọ́dún 2006. Mo ní kó bá mi jó o. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

"Eléyìí ti dógùn-ún jù, kò gba jíjó mọ́. Ẹsẹ̀ tuntun ni yóò gbà. Kí ni oríkì yín, màmá?"

"Àṣàkẹ́."

"Ẹ jókòó, Àṣàkẹ́ mi."

Láti ọdún mẹ́rìnlá tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin, ṣùgbọ́n ara mi yá gágá. Ó fi ẹsẹ̀ tuntun sí àga náà, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè máa rí ibi jókòó. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn mi.

Àwọn ọmọ mi gbọ́ fìnrín, wọ́n fàbínú yọ. Uthman, ọmọ mi ọkùnrin, tó ti ń gbéra ga láti ìgbà tó ti kó lọ sí OPIC Estate, àdúgbò àwọn olówó, lọ bá Láwàlì níbi iṣẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ọjọ́ orí yín. Ìyá wa ò wá ọkọ." Uthman tó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, tó kọ méjì, òun ló fẹ́ kọ́ mi nítìjú!

Mo ṣojo. Mo ní mi ò lọ mọ́, àmọ́ mò ń yọ́ lọ. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀, màá ní Asalátù, àdúrà ọjọ́ Àìkú, ni mo lọ. Asalátù wo ní ń wáyé lójoojúmọ́? Wọn ò bèèrè, torí wọn ò fẹ́ mọ̀.

Lọ́dún kejì, nígbà òjò, mo yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, ọrùn egungun itan mi dá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé fọ́tò egungun náà sókè. Uthman àti Ròkíátù, àbúrò rẹ̀, ló ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹní ni èmi tí mo nà sílẹ̀ yìí.

"Bí a bá fi ìṣó kàn án, ní ọjọ́ orí Màmá, ó lè má jinná. A lè fi irin pààrọ̀ orí egungun náà nìkan. Ìyẹn tó fún ẹni tí kì í jáde. A sì lè pààrọ̀ orí náà pẹ̀lú ihò tó ti ń yí. Iṣẹ́ ìyẹn pọ̀ díẹ̀, àmọ́ òun ló dáa jù fún ẹni tó ń rìn gan-an. Báwo ni Màmá ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀?"

"Ah, dókítà, Màmá kì í lọ ibì kankan," Uthman dáhùn. "From bed to toilet, shikena, ó parí."

Ròkíátù ń mi orí bí alángbá.

Mo wo àwọn méjèèjì, wọ́n sú mi. Bí mo bá dákẹ́, àṣírí mi bò, ọ̀nà ìsọ̀ Láwàlì sì dí títí ayé.

"Dókítà, èmi ni kí ẹ bi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn, ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, ogún ní àbọ̀, láìmú ọ̀pá. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ni mò ń lọ. Láwàlì lorúkọ rẹ̀, wẹ́dà ni."

"Màmá!" Uthman ké. "Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Kí wọ́n sọ pé ìyá ẹ ń rìn."

Dókítà da ojú bolẹ̀, ó ń kọ̀wé. Èjìká rẹ̀ ń mì tẹ̀rín-tẹ̀rín. Orí àti ihò ni wọ́n pààrọ̀.

Nígbà tí Láwàlì wá kí mi nílé, ìta gbangba ni Uthman, tó wá wò mí, ní kó jókòó sí. Ó jókòó síbẹ̀, kò bínú.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, mo mú ọ̀pá mi, mo gba ọ̀nà ìsọ̀. Ó rí mi lókèèrè, ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àṣàkẹ́ mi, ẹ dúró, mò ń bọ̀ wá pàdé yín!"

"Ẹ má wá," mo kígbe. "Torí ìrìn yìí ni mo ṣe tú àṣírí ara mi. Ẹ jẹ́ n rìn ín tán."

Ó dúró. Ó fa àga mi jáde, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.