Awò Dúdú Nìkan Kò Gba Ojú Là Lórí Òkè Yìnyín

Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni Ayọ̀níkẹ́ ti ń di ẹrù ọmọ rẹ̀, tó tún ń tú u. Lọ́la ni Dúnní àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ń lọ sórí òkè gíga kan ní ilẹ̀ Austria, níbi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Aránṣọ ni Ayọ̀níkẹ́ ní àdúgbò Wedding, nílùú Berlin, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ran ìlà kan, á dìde lọ wo báàgì.

"Dúnní, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dà?"

"Mama, ist schon drin," lọmọ dáhùn pé ó ti wà nínú báàgì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Wàsíù, àbúrò Ayọ̀níkẹ́ tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láti Billbrook ní Hamburg, ti fi awò oòrùn kan ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Nínú páálí awò pọ́ọ́kú tó fẹ́ kó lọ sílé ló ti yọ ọ́. Awò náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú Ayọ̀níkẹ́ dùn, ó pè é lórí fóònù láti dúpẹ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn máa jáde síta. Tèmipé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú ní Spandau, wà níbẹ̀ tó ń wọ búbá tuntun rẹ̀ wò.

"Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Wàsíù wí. "Irú ẹ̀ lèmi náà lò nígbà tí èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ gòkè lọ́dún tó kọjá. Apollo tó mú mi níbẹ̀ nìkan ló ba nǹkan jẹ́. Ojú ń ta mí bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, omi ń dà, mi ò lè wo iná."

"Bọ̀ọ̀dá Wàsíù," ni Tèmipé dá sí i, "ṣé ó ran ẹlòmíì?"

"Rárá. Alẹ́ ọjọ́ tá a gòkè ló bẹ̀rẹ̀."

"Apollo kọ́ nìyẹn o. Oòrùn ló jó yín lójú."

Ayọ̀níkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Oòrùn wo? Nínú òtútù? Ojú tó ti rí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ti ibí ló máa wá bà á jẹ́?"

"Àǹtí, ojú ọ̀run nìkan ni oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń wá, ilẹ̀ á sì gbé e mì. Yìnyín kì í gbé e mì, ńṣe ló ń dá a padà sínú ojú yín láti ìsàlẹ̀. Bí òkè bá sì ṣe ga tó ni ìtànṣán rẹ̀ tí a ò lè fojú rí ṣe ń le tó. Òtútù ò dá a dúró."

"Ṣé awò yìí ò wá dúdú tó ni?"

"Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú máa ń fẹ̀ sí i. Tí awò bá dúdú tí kò sì dí ìtànṣán, ilẹ̀kùn lẹ ṣí fún un yẹn." Ó yí awò náà wò. "Kò sí UV400 tó ń fi hàn pé awò ń dí ìtànṣán yẹn lára ẹ̀, kò sí àmì CE ti ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ṣí sílẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ayọ̀níkẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí fóònù.

"Wàsíù, ṣé ò ń gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Níyì ọmọ mi ti bá ilé ìwé wọn lọ sórí òkè yìnyín láti àná. Irú ẹ̀ ni mo fún un."

Ayọ̀níkẹ́ dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. "Kí lo wá ń dúró dè? Pe tíṣà wọn!"

Ó pẹ́ kí Wàsíù tó pè padà. Níyì ò lè la ojú. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ojú náà á san, àmọ́ inú yàrá tó ṣókùnkùn ni yóò wà ná.

"Àtalẹ́ àná ló ti ń ta á," ni Wàsíù wí. "Ó ní òun rò pé Apollo bíi tèmi ni, ìdí nìyẹn tóun ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ayọ̀níkẹ́ ju awò náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó mú Dúnní lọ́wọ́, wọ́n tẹ̀lé Tèmipé lọ ra awò tó dára ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Spandau.

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin tó ń bá ará ibi iṣẹ́ gòkè yìnyín, ẹ má fi dúdú awò mọ agbára rẹ̀. Ẹ wá UV400 àti àmì CE lára rẹ̀. Nínú ìpele bí awò ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ láti òdo dé mẹ́rin, ìpele kẹta ni kí ẹ béèrè fún orí yìnyín. Bí òkè bá ga gan-an, ìpele kẹrin ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn wakọ̀ láéláé. Kí awò náà bo ẹ̀gbẹ́ ojú, kí ẹ má sì bọ́ ọ nítorí pé ìkùukùu ṣú. Bí ojú bá ń ta, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má kán oògùn ojú tó ṣẹ́kù nílé sí i. Ẹ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sì sọ fún ọmọ yín kó tó gbéra pé, bí ojú bá ta á, kó pariwo.