Ọwọ́ Tó Pẹ́ Kó Tó Nà Sókè

Ohùn olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Agogo nítorí ariwo rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ inú igbó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyẹ. Òun fúnra rẹ̀ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ tò! Ìwọ yẹn, yọ ìka kúrò nímú!"

Gbogbo ẹyẹ orí adágún bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, fìrìrì, bí ìgbà tí èèyàn gbọn aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Láti inú ahéré onígi kan létí omi ni ọkùnrin gíga kan ti yọ, ewé gbígbẹ há sí i nírun, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn rọ̀ sí i lọ́rùn. Òun ni olùṣọ́ igbó náà. Ó wo ojú ọ̀run tó kún fún ìyẹ́, ó wo Àǹtí.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó ní. "Àwọn ẹyẹ ní kí n sọ fún yín pé ó dàbọ̀."

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín bá gba imú jáde.

Olùṣọ́ kó wọn wọ inú ahéré, ó sọ òfin ibẹ̀ fún wọn jẹ́jẹ́. "Ẹ má tọ ẹyẹ lọ. Ẹni tó bá mira ló ń lé e. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá fẹ́ wá, á wá fúnra rẹ̀."

"Èmi náà ní òfin tèmi," Àǹtí sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹni tí kò bá nawọ́ sókè, mi ò ní bi í léèrè. Kò ní èsì nìyẹn."

Bẹ́ńṣì tí àwọn méjèèjì jókòó sí kéré, ìdí Àǹtí kò sì kéré. Olùṣọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ ní ìpẹ̀kun rẹ̀.

"Ṣé mi ò ní fún yín pa báyìí?" Àǹtí bi í.

"Ẹ ṣáà máa fún mi lọ."

Ẹyẹ apẹja kan já wọ inú omi bí òkúta, ó gbé ẹja jáde, àwọn ọmọ mí kanlẹ̀. Àǹtí kò rí i. Ewé inú irun ọkùnrin yẹn ló ń wò.

Bó ṣe di pé ó ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìmú ọmọ kankan dání nìyẹn. Ó ní òun ń lọ múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo? Irọ́ gbuu! Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì, èjìká á kan èjìká, wọn ò sì ní sọ nǹkan kan. Àǹtí tí kì í dákẹ́ lójú oorun pàápàá kọ́ láti dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ ni kò dákẹ́. "Bí wọ́n bá bi mí pé kí lọkọ ọmọ mi ń ṣe, ṣé kí n ní ẹlẹ́yẹ ni? Onítẹ̀wé tó ń tẹ ìwé iléèwé yín ní òun fẹ́ ọ. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Tìrẹ ńkọ́, kí ló sọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Àǹtí lọ́kàn, nítorí Olùṣọ́ kò tíì sọ nǹkan kan.

Ó lọ bá a. "Ẹnìkan fẹ́ fẹ́ mi."

Olùṣọ́ kò mira. Àǹtí ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì. Ọwọ́ náà wà lórí awò, kò gbéra. Àǹtí dúró títí òjìji igi fi kan ẹsẹ̀ wọn.

"Ó dàbọ̀ nígbà náà," ó ní.

"Ẹ rọra máa lọ o."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sunkún débi pé awakọ̀ bi í bóyá ó gbàgbé ẹrù síbì kan.

Ó fẹ́ onítẹ̀wé. Èèyàn dáadáa ni, ó ń rùn fún íńkì, ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, àìsàn sì mú un lọ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n tú ká. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí Àǹtí fẹ̀yìn tì, ilé ẹ̀kọ́ ní kó mú kíláàsì rẹ̀ ìkẹyìn lọ wo ẹyẹ nínú igbó yẹn.

Orúnkún rẹ̀ ń ké ju ẹyẹ lọ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin gíga kan yọ láti inú ahéré, irun rẹ̀ funfun bí ìyẹ́ lékeléke.

Bí àwọn ọmọ ti ń wo omi, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn wọn.

"Mo gbọ́ nípa bàbá àwọn ọmọ. Ẹ kú àfẹ́kù."

"A dúpẹ́. Ìyàwó tiyín ńkọ́?"

"Mi ò fẹ́ ẹnì kankan."

Àǹtí kọjú sí i. "Lọ́jọ́ yẹn, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé bí mo bá mira, ẹ ó fò lọ."

"Èmi! Pẹ̀lú ìdí yìí? Níbo ni mo fẹ́ fò lọ?"

Ẹ̀rín gba imú rẹ̀ jáde bíi ti àtijọ́, ó sì di ẹkún kó tó débi ẹnu. "Ọwọ́ yín ni mò ń wò. Ká ní ẹ na ìka kan péré..."

Olùṣọ́ bo ojú.

Nígbà tí àwọn ọmọ tò lẹ́bàá bọ́ọ̀sì, Àǹtí nu ojú, ó bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè: "Ta ló ní ìbéèrè?"

Lẹ́yìn orí àwọn ọmọ, ọwọ́ gígùn kan tí iṣan ti yọ lára rẹ̀ ń nà sókè.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn!" Ohùn agogo yẹn bá tún jáde, gbogbo ẹyẹ adágún gbéra, kò sì sẹ́ni tó wò wọ́n. "Sọ̀rọ̀!"

"Àǹtí, ṣé ààyè ṣì wà lórí bẹ́ńṣì?"

"Ààyè wà," ó ní. "Ìgbà ni kò tó mọ́. Má jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, jọ̀ọ́. Máa bọ̀."