Ọ̀dà Tí Wọ́n Fi Ṣe Màmá Lóore

Lọ́jọ́ ìrántí akọni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù, ẹgbẹ́ àdúgbò pinnu pé iṣẹ́ àánú làwọn máa fi yẹ́ ẹ sí: wọ́n á kun ilé àwọn arúgbó lọ́dà. Káfíńtà kan ni alága iṣẹ́. Iyàrá ìyá rẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

"Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iyàrá yín máa tó di ààfin."

"Ọmọ mi, ọ̀dà kọ́ ni mo ní kí o bá mi wá. Oògùn tí mo ń fín sẹ́nu ti tán láti ìjẹta, ikọ́ fée yìí ò sì bá mi ṣeré. Ṣé o lè bá mi dé ilé ìwòsàn?"

"Ẹ fara balẹ̀, màmá mi. Ọ̀la la máa lọ. Ti akọni wa ni tòní."

Màmá wọ́ ẹsẹ̀ lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ló fẹ́ ba ọjọ́ oore jẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́?

Wọ́n kùn ún, ó ń dán. Wọ́n ti fèrèsé pa kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wá ní kí màmá wọlé, kó jókòó láàárín àwọn, káwọn ya fọ́tò. Ẹyọ kan ni wọ́n pè é, ló bá di ogún. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà ni màmá ti di àyà mú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Èèyàn méjìlá tó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ kan náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ọ̀kan ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ọ̀kan ń da omi sí i lórí, òmíràn fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì ló já wọlé.

"Ẹ má tẹ́ wọn sílẹ̀! Ẹ gbé wọn síta, níbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dúró ṣánṣán, ẹ tú aṣọ ọrùn wọn, ẹ má pagbo lé wọn lórí. Oògùn wọn dà?"

Káfíńtà na ike oògùn sí i. Nọ́ọ̀sì mì ín, ó tẹ̀ ẹ́. Òfìfo ni.

"Ta ló ń kun ilé mọ́ oníkọ́ fée lórí? Òórùn ọ̀dà nìkan ti tó láti dí wọn lọ́fun. Ṣe ló yẹ kí wọ́n kúrò nílé títí á fi gbẹ, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Ẹ wá mọ́tò, kíá!"

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí màmá nímú. Ó ń na ọwọ́, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Dókítà dá káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀dà ń rùn lára yín, sà. Ẹ ò lè sún mọ́ wọn báyìí. Ẹ lọ wẹ̀ ná."

Ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fi ọṣẹ fọ ọ̀dà ara rẹ̀, ó fi yẹ̀pẹ̀ gbo ó, kò ṣí. Kẹrosíìnì ló ń ṣí irú ọ̀dà yẹn, kẹrosíìnì náà sì ń rùn. Ó ń họ ara rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bo màmá lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, n ò ní kẹ́ ẹ má ṣoore. Ẹ ṣe é, ẹ má sì dúró de ọjọ́ ìrántí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ẹ béèrè pé: "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?" Bí wọ́n bá fèsì, ẹ gbọ́ ọ. Akọni tí wọ́n ń rántí yẹn, gbígbọ́ ohùn ẹni tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sì ni ilé ìwòsàn.