Ọwọ́ Tó Ń Ti Ìpá Padà

Ọwọ́ kan wà lábẹ́ ikùn bíríkìlà kan, kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí ojú iṣẹ́ abẹ tuntun. Ọkùnrin náà ká aṣọ sókè, kò rí nǹkan kan.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó tì í, ó ń túmọ̀ ìwé iṣẹ́ abẹ tí dókítà kọ.

"Bàbá, àwọ̀n ni wọ́n fi dí ibi tí ìfun ti ń yọ. Kó wú díẹ̀, kó le, kò burú. Tí ara ibẹ̀ bá kú, tí ẹ ò mọ nǹkan kan lára níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, á padà jí. Ẹ má ṣáà gbé nǹkan tó wúwo."

"Tí mo bá wá ń mọ ọwọ́ lára níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ta ni?"

Bàbá tún aṣọ bo ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló máa ń ti ìpá yẹn padà fún un nírọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, pẹ̀lú ọwọ́ òsì tirẹ̀ tí ẹ̀rọ ìlọta ti gé ìka kan kúrò nínú rẹ̀. "Olóríkunkun," ni obìnrin náà máa ń wí, "o ò ní lọ sílé ìwòsàn, àfi kí n máa fọwọ́ dí ọ bí ìgò tí ò ní ìdérí." Ikú mú un lọ kí ọkọ tó gbọ́ràn.

Ìka mẹ́rin ló ń tẹ̀ ẹ́ báyìí. Àárò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó wá yé e pé ọjọ́ tí ara ibẹ̀ bá jí, ọwọ́ náà á lọ, kò sì fẹ́ kí ara òun yá mọ́.

Nígbà tí ọmọ lọ bomi, ó yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Búlọ́ọ̀kù kan wà níbẹ̀, eruku bò ó. Tí ojú iṣẹ́ abẹ bá ya, ọwọ́ á dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ọwọ́ náà kúrò lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó já búlọ́ọ̀kù gbà, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Má lọ," bàbá ń bẹ̀bẹ̀. "Jọ̀ọ́, má lọ."

Ọmọ sáré dé, ó fọwọ́ di ojú iṣẹ́ abẹ mú. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ọwọ́ mi níbẹ̀?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó tutù, omi ṣì wà lára rẹ̀, ìka rẹ̀ pé márùn-ún.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"A dúpẹ́. Ara yín ti ń yá nìyẹn."

Bàbá bú sẹ́kún. Ọmọ rò pé ìrora ni, títí tó fi bojú wo búlọ́ọ̀kù. Àmì ọwọ́ òsì kan wà nínú eruku rẹ̀, ìka mẹ́rin.